Ìyàtọ̀ Irun Kan

Ó ku wákàtí mẹ́rin kí Àrokò Kọkànlélógójì gorí àléfà, ẹ̀rọ mi sì ń sọ fún mi pé òun kò lè ka àwọn àwòrán ìpìlẹ̀ tí a fi ń dán nǹkan wò.

Mo tún un tẹ̀. Ó tún kọ̀.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?" Alàgbà Láníhùn bi mí láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá ti fọ́jú láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mọ ìró ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tó ń ṣagídí.

"Àgídí ló bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Àrokò tuntun yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ibi tí a di àwọn àwòrán ìpìlẹ̀ sí. Wọ́n ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni."

"Wọ́n sọ. Ìwọ ni o kò ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́."

Òótọ́ ni. Igba ojú ìwé ni ìwé náà, ojú ìwé ogójì ni oorun sì ti gbé mi lọ. Ẹni tí kò bá tíì ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, kó má dá mi lẹ́jọ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni Ilé Ìdánwò Ìdí-Ọ̀sà, lórí òpó irin, omi lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Iṣẹ́ Fàlà ni a ń ṣe níbẹ̀. Fàlà ló ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ àwọn òpó ìwọ̀n tó wà nínú òkun, tó sì ń fi wọ́n ya ìlà búlúù sára Ògiri ní gbàgede, lójoojúmọ́, ní ọ̀sán gangan. Bí ìlà búlúù bá wà lábẹ́ ìlà pupa, a ó jí bá ara wa nílé lọ́la. Ọjọ́ tó bá kọjá ìlà pupa, a ó kó lọ sórí òkè, àti olówó àti tálákà. Kò sí ọba, kò sí ìgbìmọ̀ tó lè dá ọjọ́ náà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ògiri nìkan ló ní ẹnu.

Fàlà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kankan. Àjọni ni. Àwọn kan ń tún un ṣe ní Mọ̀ńbásà, àwọn kan ní Bàhíà, àwọn tí a kò mọ̀ ju orúkọ lọ. Àwọn ìlú mìíràn ń fi ya àtẹ ibà, àwọn mìíràn ń fi ya ti òjò. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò, nítorí náà olúkúlùkù gbà pé ẹlòmíràn ti wò ó.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbé Àrokò tuntun jáde, ìyẹn èdè tí a fi kọ Fàlà. Àtijọ́ á kú ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, nítorí òfin kò fẹ́ kí olè orí ẹ̀rọ rí ihò àtijọ́ kankan gbà wọlé. Kó tó kú, èmi ni mo ní láti jẹ́rìí pé bí Fàlà ṣe ń yàwòrán lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń yà á lábẹ́ tuntun. Màá tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ gíláàsì, àmì ọwọ́ náà á sì hàn lábẹ́ ìlà lórí Ògiri, kí ìlú lè mọ ẹni tí wọn yóò dì mú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Kó tó kàn mí, ọwọ́ Bàbá ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, àwo tánńganran yẹn ńkọ́? Èyí tí ẹ ní wọ́n fi iná sun àwòrán àkọ́kọ́ sí lára, láyé Àrokò Kẹta?"

Bàbá yíjú sí mi. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kò nílò kọ́kọ́rọ́. Mo lè yà á sínú ẹ̀rọ, kí n fi ṣe ìpìlẹ̀ fún tòní nìkan."

"Dúró de àwọn ará Bàhíà. Wọ́n á bá ọ tún ti inú ẹ̀rọ ṣe."

"Kí àwọn yẹn tó jí, ọ̀sán á ti pọ́n. Ibo ló wà?"

Ó mí kanlẹ̀. "Àpótí ìsàlẹ̀. Rọra o, ó ti sán létí."

Mo nu eruku ara àwo náà, mo yà á sínú ẹ̀rọ, mo fún Fàlà ní àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní kó ya àwòrán kan náà lábẹ́ Àrokò tuntun. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀. Ó wá kọ ọ́ síwájú mi pé ìlà tuntun fi irun méjìlélọ́gbọ̀n rẹlẹ̀ sí ti àtijọ́.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí.

Irun ni òṣùwọ̀n wa. Irun kan lójú gíláàsì jẹ́ ìbú ìka kan lójú omi. Irun kan náà sì ni àyè tí òfin iṣẹ́ wa fi sílẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ju irun kan lọ, Fàlà kùnà nìyẹn. Bí kò bá jù ú, a ó ní gíláàsì ló ń ṣeré, a ó sì sọ àwòrán tuntun di ìpìlẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tún máa bá irun kan náà jà. Bí Bàbá ṣe kọ́ mi nìyẹn. "Sọ ọ́ di ìpìlẹ̀," ni yóò wí, á sì ní kí n lọ po gààrí.

Irun méjìlélọ́gbọ̀n! Mo ní Àrokò tuntun ti ya wèrè, àwọn tó kọ ọ́ á sùn nídìí ẹ̀rọ lónìí. Kí n lè rí ẹ̀rí dì mú, mo lọ sídìí ẹ̀rọ ògbólógbòó tí a já kúrò lára ayé, tí a tọ́jú gbogbo Àrokò tó ti kú sí. Mo jí Àrokò Ogójì dìde, èyí tí a ṣì ń lò lówùúrọ̀ yẹn. Bó bá bá àwo náà mu, ẹ̀bi di ti tuntun nìyẹn.

Irun mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹ̀rín mi gbẹ. Mo jí Ọgbọ̀n dìde: irun mọ́kànlélógún. Mo jí Ogún: irun mẹ́tàlá. Mo jí Kẹwàá: irun márùn-ún. Nígbà tí mo dé Kẹta, ìlà náà jókòó lé ti àwo láìṣẹ́kù.

Kò sí ẹ̀dà Àrokò tó fi ju irun kan lọ ṣẹ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Òmíràn kò ṣẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n Fàlà kì í fi kún nọ́ńbà, gígé ló máa ń gé ìrù rẹ̀, ìdá kékeré tó kẹ́yìn nọ́ńbà, dànù, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni gbogbo irun náà ń fà sí. Gbogbo ìgbà tí a bá sì ti sọ tuntun di ìpìlẹ̀, ibẹ̀ ni Fàlà á tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkun. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mo yẹ àmì ọwọ́ wò lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún irun jẹ́ ti Bàbá. Mọ́kànlá jẹ́ tèmi, ẹ̀dà kan kò yọ sílẹ̀.

Lánàá, ìlà búlúù fi irun mẹ́rìnlá wà lábẹ́ ìlà pupa, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo fi mẹ́rìnlá yọ nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Omi ti fi ìka mẹ́tàdínlógún kọjá ibi tó yẹ ká ti sá. Ó ti tó bí ọdún mẹ́ta.

Mo bojú wẹ̀yìn wo Bàbá, mo sì rí i pé ó ti di etí àga mú, bí ẹni tó ń retí ìgbájú.

"Bàbá, ẹ mọ̀."

"Èló lo rí?"

"Ẹ mọ̀, Bàbá!"

"Mo ní èló lo rí?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ó mi orí. "Ogún ni nígbà tí mo kà á. Ọdún tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni. Mo ní kí n fi àwo yẹn dán ojú mi wò, bóyá mo ṣì lè rí irun kan. Ogún ni mo rí. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́, mo rò pé ojú ló ń tàn mí. Nígbà tó yá, mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n."

"Kí wá ni ẹ ṣe?"

"Omi jìnnà sí ìlà pupa nígbà náà, Ìbídùn. Ó jìnnà gan-an. Mo ní kó tó dé ibẹ̀, ẹlòmíràn á ti rí i."

"Èmi ni ẹlòmíràn náà."

"Ìwọ ni."

"Ẹ sì jókòó síbí fún ọdún márùn-ún àti ààbọ̀, ẹ ń gbọ́ bí mo ṣe ń tẹ ọwọ́ mi mọ́ irọ́, ẹ ń ní kí n lọ po gààrí!"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju àwo náà mọ́lẹ̀. Bàbá ló gbà mí sí iṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà mí, òun ló dúró níwájú ìdílé ọkọ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èmi ni mò ń ṣu iyán sí i lọ́wọ́ lónìí. Kò sí ẹni tó lè bí mi nínú tó ẹni tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn," ló sọ.

Ìgbà náà ni Kújọrẹ́ wọlé. Òun ni ọ̀gá Ilé Ìdánwò. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, nítorí náà èmi ń pè é ní ọ̀gá, òun ń pè mí ní àǹtí, a sì jọ ń fi "ẹ" bára wa sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, wákàtí méjì ló kù. Ìgbìmọ̀ ń béèrè ọwọ́ yín."

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan. Omi ti kọjá—"

"Àǹtí!" Ó fò lọ sídìí fèrèsé, ó tì í. "Ẹ má fẹnu sọ ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé wa ni?"

Mo ti gbàgbé. Láti Ọdún Ìsáré ni ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ fẹnu sọ gíga omi ní Ìdí-Ọ̀sà. Ẹnì kan ló pariwo nígbà yẹn pé òkun ń bọ̀, gbogbo ìlú sì ya lu èbúté. Òkun kò wá lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ni wọ́n tẹ ara wọn pa. Ìyá Kújọrẹ́ wà lára wọn, ọmọ ọdún méje ni òun fúnra rẹ̀.

Mo nàka sí ojú ẹ̀rọ láìsọ̀rọ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta."

Ó fi ìka ṣírò nǹkan lórí ilẹ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì hàn pé ó ti rò ó jinlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. "Ẹ gbọ́, Àǹtí. Díẹ̀díẹ̀ ló fi wọlé, díẹ̀díẹ̀ la ó fi yọ ọ́. Irun kan sókè ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Irun kan wà nínú ohun tí òfin gbà, kò sẹ́ni tó máa bi wá. Lọ́dún keje, ìlà náà á kan pupa fúnra rẹ̀. Ìlú á ti rí i bó ṣe ń bọ̀, wọ́n á ti di ẹrù, wọ́n á rọra lọ. Kò sẹ́ni tó máa tẹ ẹnikẹ́ni pa."

"Omi náà yóò dúró dè wá fún ọdún méje?"

"Ó ti dúró fún ọdún mẹ́ta."

"Ọ̀gá, kò dúró."

"Bẹ́ẹ bá gbé èyí sórí Ògiri lọ́sàn-án òní, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní èbúté. Ẹ sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà." Ó wo ọwọ́ mi. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́rìí èké, wọ́n á pa á rẹ́ nínú Ìwé Ọwọ́ tí wọ́n fi ń dá ará ìlú mọ̀. Ilẹ̀kùn wo ló máa ṣí fún yín lórí òkè? Ta ló máa bu oúnjẹ fún yín? Àti Bàbá, ní ọjọ́ orí wọn yìí?"

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Irun kan péré. Mo ti ń rò ó bí màá ṣe kọ ọ́: màá yí ibì kan padà nínú Fàlà kó lè máa fi kún nọ́ńbà dípò kó máa gé e. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo yíjú sí Bàbá.

"Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Bàbá."

"Má bi mí," ló wí. "Èmi ti yan tèmi nígbà tèmi, o sì ti rí i."

"Ohun kan ṣoṣo ló kù," Kújọrẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹ̀dà mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀ kó tó tọ́ tán. Ẹ ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. A máa nílò ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ máa wá ẹnì kan tó lè pa ẹnu mọ́, ẹ ó kọ́ ọ."

Ẹ ó kọ́ ọ. Mo rí ara mi lórí àga ẹ̀bá fèrèsé, tí mo di etí àga mú, tí ọmọ ẹlòmíràn dúró níwájú mi tó ń bi mí pé kí wá ni mo ṣe. Mo mọ̀ nígbà náà pé n kò lè ṣe é. Kì í ṣe ìgboyà o. N kò kàn lè gbé e fún ẹlòmíràn ni.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo tún ibi tí Fàlà ti ń gé nọ́ńbà ṣe, mo fi àwo tánńganran jẹ ìpìlẹ̀, mo jẹ́ kó yàwòrán lábẹ́ Àrokò tuntun. Ó yege, láìfi irun kan ṣẹ̀. Mo wá ṣí ìwé àjọni, níbi tí gbogbo ayé ti ń rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá yí padà, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Irun mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a sọ di ìpìlẹ̀ ní Ìdí-Ọ̀sà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyẹ àkọ́kọ́ wò. Ẹ lọ yẹ tiyín wò. Mọ́kànlá jẹ́ tèmi.*

Kújọrẹ́ ti dìde. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú kó tó kan gíláàsì.

"Àǹtí, mo bẹ̀ yín. Bó bá ti lọ, kò ṣeé pè padà."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Ìdí tí mo fi fẹ́ rán an nìyẹn."

"Fi í sílẹ̀, Kújọrẹ́," Bàbá sọ láti orí àga rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ìbídùn, kọ iye tèmi náà sí i. Ogún. Má fi orúkọ mi pa mọ́."

Kújọrẹ́ fi mí sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ gíláàsì, ó sì lọ sí Bàhíà, ó lọ sí Mọ̀ńbásà, ó lọ sí ibi gbogbo tí àwọn tí n kò mọ̀ wà.

A rìn lọ sí gbàgede lórí afárá pákó, Bàbá di èjìká mi mú. Kújọrẹ́ ti sáré ṣíwájú lọ sí èbúté pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́, kó lè dínà ibẹ̀. Bí ọ̀sán ṣe pọ́n gangan, Ògiri ṣú, Àrokò Kọkànlélógójì gorí àléfà, ìlà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti apá òsì. Ó kan pupa. Kò dúró. Ó kọjá rẹ̀, ó gùn ún, ó dúró sókè réré.

Mo ti múra de ariwo. Mo ti di Bàbá mú gírígírí kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sáré. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ mira.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" Bàbá bi mí.

"Wọ́n ń wò ó, Bàbá."

Ìyá Ṣẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ yíjú kúrò. Ẹja gbígbẹ ló ń tà, ilé rẹ̀ ló sì kángun sí òkun jù. Ó wo àmì ọwọ́ tó wà lábẹ́ ìlà, ó wo gbogbo àwa tó dúró níbẹ̀, ó sì tọ̀ mí wá tààrà.

"Ìbídùn, dá a padà bó ṣe wà."

"Kò ṣeé dá padà mọ́, mà. Irọ́ ni tàtẹ̀yìnwá. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ má bínú, mà, ẹ ò mọ̀, n kò sì mọ̀—"

"Ta ló sọ fún ọ pé a ò mọ̀?"

Ó sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nítòsí fi sún sẹ́yìn.

"Ọdún kẹta rèé tí omi ti ń wọ ilé ìdáná mi," ló wí. "Orí àpótí ni ààrò mi wà. Orí tábìlì ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sùn. Kí ni mo fẹ́ fi Ògiri mọ̀?"

Àwọn ènìyàn wo ojú ara wọn. Kò sí ẹ̀ṣọ́ nítòsí, gbogbo wọn ti lọ sí èbúté. Ọkùnrin kan lẹ́yìn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Tèmi dé orúnkún." Ẹnì kan ní òun ti sọ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ òun di ògiri. Ẹlòmíràn ní kànga ilé òun ti di omi iyọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí àbígbẹ̀yìn òun. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpariwo, gbogbo gbàgede, ohun tí wọn kò tíì fẹnu sọ rí láàárín ara wọn.

"Nígbà tí Ògiri bá ní kò tíì tó, àwa náà á ní kò tíì tó," Ìyá Ṣẹ̀gilọlá wí. "Ohun tí a fi ń sùn nìyẹn. O wá gbà á lọ́wọ́ wa. Ó dára. Ibo lórí òkè la wá ń lọ báyìí?"

Mo ti nawọ́ sí Ògiri kí n tó mọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Kò wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ojú mi ló tẹjú mọ́, ó ń dúró kí n dá òun lóhùn.